Àwọn Olùkọ́bìnrin Hébérù Àkọ́kọ́: Iṣẹ́ Tíṣà, Ọkọ àti Ọmọ (Ìbéèrè àti Ìdáhùn)

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá nígbà gbogbo nípa àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ fi Hébérù kọ́ ọmọ ní ilẹ̀ Palẹ́sítínì, láti nǹkan bí ọdún 1881 títí wọ àwọn ọdún 1920. Mo kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú. Àwọn tó le wà nísàlẹ̀.

Ṣé Hébérù inú Bíbélì ni wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ náà?

Inú Bíbélì àti ìwé àdúrà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Àmọ́ ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún àtààbọ̀ tí kò ti sí ìyá tó ń fi Hébérù tọ́ ọmọ. Wọ́n ń fi í gbàdúrà, wọ́n ń fi í kọ lẹ́tà, Júù láti Mòrókò àti Júù láti Rọ́ṣíà sì lè fi í dúnàádúrà lọ́jà Jerúsálẹ́mù. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ń ké lóru, Yídíìṣì (èdè àwọn Júù Ìlà-oòrùn Yúróòpù), Ladino (èdè àwọn Júù tí ìran wọn ti Sípéènì wá) tàbí Lárúbáwá ni ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Nígbà tí Eliezer Ben-Yehuda dé láti Yúróòpù lọ́dún 1881, tó ní òun fẹ́ kí Hébérù tún di èdè ojoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ilé ni kò sí nílẹ̀. Wòlíì Aísáyà kò ní táwẹ̀lì, kò sì lá áísìkiriìmù rí. Òun àti àwọn mìíràn ń wá ọ̀rọ̀ fún nǹkan wọ̀nyí. Àwọn olùkọ́ ló wá ń fi wọ́n sí ọmọ lẹ́nu.

Ta ni obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe jẹ́lé-ó-sinmi lédè Hébérù?

Esther Shapira ni, lọ́dún 1898, ní Rishon LeZion, abúlé àwọn àgbẹ̀ Júù kan tí kò jìnnà sí Jaffa (Jọ́pà níbi tí Jónà ti wọkọ̀).

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1886, Hébérù ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Ìṣòro wọn ni pé ọmọ ọdún mẹ́fà á wọ kíláàsì, kò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí tíṣà ń wí, torí Yídíìṣì ni wọ́n ń sọ nílé. Wọ́n rí i pé èdè náà gbọ́dọ̀ ti mọ́ ọmọ lára kó tó dé ibẹ̀. Ni wọ́n bá rán Shapira lọ sí ilé ìwé ọmọbìnrin Evelina de Rothschild ní Jerúsálẹ́mù kó lọ kọ́ṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ṣẹ́, ó fi Hébérù ṣe é.

Kí ló dé tó jẹ́ obìnrin ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́?

Ọmọ kékeré ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, iṣẹ́ obìnrin ni wọ́n sì ka ọmọ kékeré sí níbi gbogbo láyé ìgbà yẹn, títí kan Jámánì níbi tí Friedrich Froebel ti dá irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1837. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó tí wọ́n ń san fún obìnrin kò tó ti ọkùnrin.

Ìdí mìíràn wà tó jinlẹ̀ ju méjèèjì lọ. Àwọn aṣáájú mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń gba èdè, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ìyá tó wà nílẹ̀ kò lè sọ Hébérù. Obìnrin tí yóò dúró bí ìyá fún ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń wá, láti àárọ̀ di ọ̀sán, lédè tí ìyá tó bí i kò gbọ́. Àwọn mìíràn nínú àwọn tí wọ́n gbé ẹrù yìí rù kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Ṣé àwọn olùkọ́bìnrin náà fúnra wọn gbọ́ Hébérù dáadáa?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọra. Láàárín àwọn Júù Ìlà-oòrùn Yúróòpù, ọmọkùnrin kì í ju ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ tí wọ́n á ti mú un lọ bá olùkọ́, kó lọ kọ́ Hébérù inú Ìwé Mímọ́. Wọn kì í mú ọmọbìnrin lọ. Tí orí bá bá a ṣe é, wọ́n á kọ́ ọ ní álífábẹ́ẹ̀tì kó lè ka àdúrà. Ìwé tó máa kà tó máa yé e, Yídíìṣì ni, tàbí èdè Rọ́ṣíà tó bá jẹ́ ọmọ olówó. Lọ́dún 1889, Nehama Puhachevsky kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn Hamelitz ní Rọ́ṣíà pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin náà ní Hébérù. Ọdún yẹn gan-an lòun àti ọkọ rẹ̀ kó wá sí Palẹ́sítínì. Rishon LeZion ni wọ́n fi ṣe ilé, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ ìtàn nípa àwọn obìnrin tó yí i ká.

Ẹni tí wọn kò kọ́ léwe ló wá di ẹni tó ń kọ́ èwe. Àwọn kan tẹ́tí sí ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, àwọn kan ní bàbá tó gba tíṣà wá sílé fún wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti lọ́kọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n há sórí lálẹ́ ni wọ́n ń fi kọ́ ọmọ láàárọ̀.

Kò sí ìwé aláwòrán fún ọmọdé, kò sí orin eré. Wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ Hébérù lé ohùn orin Rọ́ṣíà àti ti Jámánì. Nígbà tó yá, Levin Kipnis, tó dé lọ́dún 1913 láti wá kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Jerúsálẹ́mù, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ọdún àti orin eré fún àwọn olùkọ́bìnrin wọ̀nyí torí pé wọ́n ń béèrè. Orúkọ Kipnis ló wà lórí àwọn orin náà títí dòní. Ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó rí orúkọ àwọn tó béèrè.

Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ti Shapira?

Ẹgbẹ́ Ezra, ẹgbẹ́ aláàánú àwọn Júù Jámánì, dá ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1904, wọ́n sì tún ṣe ti àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi lẹ́yìn náà. Ní Jaffa, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́bìnrin tí a mọ̀ sí Levinsky bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1912. Ní Warsaw, Yehiel Halperin ṣí jẹ́lé-ó-sinmi Hébérù lọ́dún 1909, ó sì fi kíláàsì fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn tọ́wọ́ wọn tẹ́nu lọ kọ́ ọ ní Berlin.

Tí olùkọ́bìnrin bá lọ́kọ, ṣé wọ́n á dá a dúró níṣẹ́?

Àwọn tó ń béèrè èyí ti gbọ́ nípa England, níbi tí ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kì í ti í gba abilékọ síṣẹ́ tíṣà títí òfin ọdún 1944 fi fòpin sí i. Ní Ireland, ó di 1958. Ilé ìwé Hébérù ní Palẹ́sítínì kò ní irú òfin kan báyìí tó kárí. Ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba Tọ́kì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn, kọ́ ló ni wọ́n. Ìgbìmọ̀ abúlé, ẹgbẹ́ aláàánú, tàbí Baron Edmond de Rothschild, Júù olówó kan láti Faransé (títí di 1900), ló ń gbé bùkátà wọn, olùkọ́ tó gbọ́ Hébérù sì ṣọ̀wọ́n débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ lé èyí tó wà nílẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni Hasya Feinsod-Sukenik. Białystok ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1889, ó kọ́ṣẹ́ ní Berlin, ó dé Palẹ́sítínì lọ́dún 1912, ó sì di ọ̀kan lára àwọn òpó jẹ́lé-ó-sinmi Hébérù ní Jerúsálẹ́mù. Ó fẹ́ Eleazar Sukenik, ó bí ọmọkùnrin mẹ́ta fún un, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ó mọ ọkọ rẹ̀: òun ló kọ́kọ́ dá àwọn Ìwé Òkun Òkú mọ̀ lọ́dún 1947, ìyẹn àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n rí nínú ihò nítòsí òkun náà. Ẹ ó mọ ọmọ rẹ̀ náà, Yigael Yadin, ọ̀gá ológun tó di awalẹ̀pìtàn. Tí ẹ bá wá orúkọ obìnrin yìí, ìsàlẹ̀ ìtàn ọkọ àti ọmọ lẹ ó ti kọ́kọ́ bá a.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé nǹkan rọrùn torí pé òfin ò sí. Ìlú tí ọkọ bá ríṣẹ́ sí ni ìyàwó ń bá a lọ, bí kíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dìde bá tilẹ̀ máa tú ká.

Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ tíṣà, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Wọ́n pọ̀. Lọ́dún 1905, Yehuda Leib Matmon-Cohen àti ìyàwó rẹ̀, Fania, bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé gíga Hébérù àkọ́kọ́ nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní Jaffa, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 17. Ilé ìwé Herzliya nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ń sọ pé ọkọ ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ti fi pálọ̀ rẹ̀ ṣe kíláàsì rí mọ̀ pé ẹnì kan ní láti palẹ̀ mọ́ káwọn ọmọ tó dé, kó sì tún un pa mọ́ kí ilé tó lè jẹ oúnjẹ alẹ́.

Yehudit Harari bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Rehovot nígbà tó wà lọ́mọge. Ọkọ rẹ̀, Haim, di olùkọ́ ní Herzliya. Wọ́n bí ọmọkùnrin wọn, Izhar, lọ́dún 1908, ìdílé wọn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé sí ibi tó di Tel Aviv lọ́dún 1909. Pẹ̀lú ọmọ lápá, ní àdúgbò tó jẹ́ kìkì iyanrìn, obìnrin yìí kò yéé kọ́ni.

Ọ̀nà mìíràn ni Rachel Yanait gbà. Òun àti Yitzhak Ben-Zvi jọ ń kọ́ni ní ilé ìwé gíga Hébérù tó bẹ̀rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1909. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó lọ kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Faransé, ó padà dé. Ọdún 1918 ni wọ́n tó ṣègbéyàwó, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ta ló ń tọ́jú ọmọ tíṣà nígbà tí tíṣà ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ?

Ìyá àgbà, tó bá wà nítòsí. Kì í sábà sí nítòsí: ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí ti fi ìyá àti ìyá ọkọ sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà, bẹ́ẹ̀ kò sí àǹtí, kò sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n. Àwa tí a mọ ohun tí ìyá ọlọ́mọ ń jẹ nínú pé ìyá rẹ̀ wá bá a gbọ́mọ jò, a mọ ohun tí wọ́n pàdánù.

Ọmọ tó bá ti ń rìn á bá ìyá rẹ̀ lọ sí kíláàsì. Fún èyí tí kò tíì rìn, wọ́n á gba ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn Júù Yemen ti ń dé láti 1882, wọ́n sì tún pọ̀ sí i láàárín 1909 sí 1912. Ọ̀pọ̀ obìnrin wọn ló ń fọṣọ, tó ń gbálẹ̀, tó ń gbé ọmọ nílé àwọn tó wá láti Yúróòpù, ní Rishon LeZion àti Rehovot. Àwọn obìnrin Lárúbáwá náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò rò pé ó yẹ ká máa yin tíṣà tó tọ́mọ tó sì tún ṣiṣẹ́ láì dárúkọ ẹni tó wà nídìí ọpọ́n aṣọ. Ẹni yẹn náà lọ́mọ. Ta ló ń gbé ti ẹ̀?

Ṣé tíṣà ni Devora Ben-Yehuda, ìyàwó Eliezer?

Kò ṣe jẹ́lé-ó-sinmi, àmọ́ ilé rẹ̀ gan-an ni kíláàsì àkọ́kọ́. Ọdún 1882 ló bí Ben-Zion, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Itamar Ben-Avi nígbà tó dàgbà. Bàbá pàṣẹ pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ gbọ́ èdè kankan àfi Hébérù. Wọn kò jẹ́ kó bá ọmọ àdúgbò ṣeré, ó sì pẹ́ kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Itamar kọ ọ́ pé lọ́jọ́ kan ìyá òun ń fi orin Rọ́ṣíà rẹ òun, bàbá wọlé, ó sì bínú gidigidi. Ìrántí ọmọdé tí àgbàlagbà kọ sílẹ̀ ni. Kí ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí Hébérù kì í ṣe èdè rẹ̀, tí wọ́n ní kó má rẹ ọmọ rẹ̀ lédè tó mọ̀: èyí kò nílò ẹ̀rí púpọ̀ kó tó yé abiyamọ.

Ikọ́ àwúbì pa Devora lọ́dún 1891. Ọmọ márùn-ún ló fi sílẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì kú láìpẹ́ sí i. Àbúrò rẹ̀, Hemda, wá láti Rọ́ṣíà lọ́dún 1892, ó fẹ́ Eliezer, ó kọ́ Hébérù, ó di akọ̀ròyìn nínú ìwé ìròyìn ilé wọn, ó tọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ kú lọ́dún 1922, òun ló ń wá owó kí ìwé atúmọ̀ èdè tí ọkọ bẹ̀rẹ̀ má bàa dúró. Ó kú lọ́dún 1951. Ìdìpọ̀ tó kẹ́yìn jáde lọ́dún 1959.

Àwọn tí kò lọ́kọ, tàbí tó kọ ọkọ sílẹ̀ ńkọ́?

Annie Landau ló ṣe olórí ilé ìwé Evelina ní Jerúsálẹ́mù láti 1900 títí ó fi kú lọ́dún 1945. Kò lọ́kọ rí. Gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún un, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tó gba àkóso lẹ́yìn àwọn Ottoman. Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé obìnrin kò lè níyì láì lọ́kọ láyé ìgbà yẹn, ẹ ka ìtàn rẹ̀.

Ti Puah Rakovsky le ju. Ọmọ Białystok ni. Wọ́n fi í fọ́kọ tí kò fẹ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, ó sì bímọ méjì. Ó kúrò nílé ọkọ, ó kàwé, ó gba ìwé ẹ̀rí tíṣà. Nínú òfin Júù, ọkọ ló ń fún ìyàwó ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀, èyí kò sì fẹ́ fún un. Obìnrin náà bá ní òun á lọ ṣèrìbọmi, òun á di Kristẹni. Wọ́n sáré fún un ní ìwé rẹ̀! Ó lọ sí Warsaw nínú àwọn ọdún 1890, ó sì dá ilé ìwé ọmọbìnrin tirẹ̀ sílẹ̀, níbi tí Hébérù ti wà lára ẹ̀kọ́.

Ira Jan, ayàwòrán, fi ọkọ sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà, ó kó ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí Jerúsálẹ́mù, ó sì ń kọ́ni ní yíyàwòrán ní ilé ìwé gíga ibẹ̀. Òun nìkan ló ń gbọ́ bùkátà ọmọ. Ogun Àgbáyé Kìíní lé e dé Íjíbítì; ó padà, ó sì kú ní Tel Aviv lọ́dún 1919.

Báwo ni ogun ṣe kan iṣẹ́ wọn?

Ìjà kan ti ṣáájú ogun. Lọ́dún 1913, àwọn alákòóso ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ Ezra ń kọ́ ní Haifa fẹ́ kó jẹ́ Jámánì ni wọ́n á fi kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yarí. Olùkọ́ púpọ̀ jáde kúrò ní àwọn ilé ìwé Ezra, obìnrin wà nínú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àwọn ilé ìwé tuntun láì mọ ibi tí owó oṣù yóò ti wá.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní dé. Eéṣú jẹ oko run lọ́dún 1915, ebi mú. Nígbà ìrúwé 1917, ìjọba Ottoman lé àwọn Júù kúrò ní Jaffa àti Tel Aviv.

Ṣé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dìbò?

Wọ́n jà fún un ni. Sarah Azaryahu, tíṣà tó dé Palẹ́sítínì lọ́dún 1906, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Hébérù fún ẹ̀tọ́ ọgbọọgba sílẹ̀ lọ́dún 1919. Lọ́dún 1920 obìnrin dìbò nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ àwọn Júù ilẹ̀ náà, obìnrin 14 sì wọlé. Àwọn ẹlẹ́sìn tí kò fẹ́ kí obìnrin dìbò gba ibùdó ìdìbò tiwọn, ìbò ọkùnrin kan sì di méjì níbẹ̀, torí ìyàwó rẹ̀ tí kò wá. Ọdún 1926 ni ẹ̀tọ́ náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìgbà wo ni òfin tó ka ìgbà ìbímọ sí?

Ó pẹ́. Ọdún 1949 ni òfin Ísírẹ́lì sọ ẹ̀kọ́ di dandan láti ọmọ ọdún márùn-ún, jẹ́lé-ó-sinmi wá bọ́ sábẹ́ òfin. Òfin iṣẹ́ obìnrin ti 1954 fún obìnrin tó bá bímọ ní ọ̀sẹ̀ 12 ìsinmi. Izhar Harari, ọmọ Yehudit, ti wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà. Kò sí ọ̀sẹ̀ kankan nínú òfin fún ìyá tirẹ̀.

Ṣé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Hébérù kọ́ kò pàdánù nǹkan kan?

Wọ́n pàdánù. Àwọn tó ń ròyìn iṣẹ́ náà bí ìṣẹ́gun nìkan kò fẹ́ ká béèrè èyí. Olùkọ́ máa ń bá ọmọ wí tó bá fi Yídíìṣì dáhùn. Ọmọ á délé, á kọ̀ láti fi èdè ìyá àgbà dá a lóhùn, ojú á ti ìyá pé èdè òun ni ọmọ òun ń sá fún. Mo gbà pé láìsí ìfúngun yẹn, Hébérù ì bá má di èdè ilé. Inú àwọn jẹ́lé-ó-sinmi kékeré wọ̀nyẹn ni àṣeyọrí rẹ̀ ti wá. Àmọ́ mi ò rí ìdí tó fi yẹ ká ní kò dun ẹnikẹ́ni.

Ó kan àwọn olùkọ́bìnrin náà, torí èdè tí wọ́n ń lé kúrò lẹ́nu ọmọ ni èdè tí ìyá tiwọn gbọ́. Ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ní Białystok tàbí Odessa, Yídíìṣì ló máa fi kọ ọ́ kó tó lè yé e. Ìyá tó wà nítòsí tó sì fẹ́ máa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ á lọ kọ́ Hébérù ní kíláàsì alẹ́. Nígbà púpọ̀, tíṣà tó ti lo gbogbo àárọ̀ pẹ̀lú ọmọ ni ìyá á tún bá níwájú pátákó.